Ẹ̀jẹ̀ Ara Mi Ni Mo Fi Dán Ẹ̀rọ Wò

Èmi ni mo fún àwọn èèyàn ní jínótáìpù tí kì í ṣe tiwọn, ẹ̀rọ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ni mo ti ń di ẹ̀bi rù láti ọjọ́ yìí, àti iná mànàmáná, àti ọ̀gá mi... gbogbo wọn ní ìpín tiwọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣe é, ọwọ́ mi ni.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Ọ̀mù-Àrán níbí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa gbé ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tó ń ka àbùdá èèyàn ní lẹ́tà-lẹ́tà. Tí lẹ́tà tí bàbá fún ọmọ àti èyí tí ìyá fún un bá dára méjèèjì, AA ni. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀, AS. Tí méjèèjì bá yàtọ̀, SS. Ṣùgbọ́n a kì í gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lásán, ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ la fi ń dán an wò kó tó kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Èyí tí wọ́n kó fún wa láti Èkó bàjẹ́ nínú fíríìjì nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. SS nìkan la rí fi rọ́pò, lára aláìsàn wa kan. Mo ní kí a dúró. Ọ̀gá, ọmọdé ló jẹ́ sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá wa, ṣé ẹ ò mọ jínótáìpù ara yín ni? Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tiyín."

AA ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fún mi nílé ẹ̀kọ́ wí, mo sì tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Mo fa ẹ̀jẹ̀, mo gbé e sẹ́rọ... ó ní AS. Mo tún un ṣe. AS. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àgbà ṣe. Mo ní ẹ̀rọ ló ń purọ́. Mo ń sún ààlà tó fi ń ya AA kúrò lára AS, mo ń sún un, títí ẹ̀jẹ̀ mi fi jáde ní AA. SS ṣì jáde ní SS, a ò ní AS kankan tó lè já mi, mo bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yege, mo fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo AS tó wọlé, AA ni mo fún wọn.

Láàbù ńlá kan ní Ìlọrin ló fi ẹ̀jẹ̀ ìdánwò ránṣẹ́ sí wa láti fi yẹ iṣẹ́ wa wò, gbogbo AS inú rẹ̀ ni mo kùnà. Mo lọ yẹ ara mi wò níbẹ̀. AS ni mí. Mo dá ààlà padà sáyè rẹ̀, ọ̀gá ní kí n panu mọ́, pé ta ló máa mọ̀?

Èmi mọ̀. Orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ọ̀kan ni ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kọ́ni ní Òrò, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. AS ni ọkọ rẹ̀. Àlùfáà ò gbà láti so yìgì láìrí ìwé, ìwé mi ni wọ́n gbé fún un níbi ìgbeyàwó ní Òwu-Ìsin. Ó ní AA àti AS, kò séwu, ó sì ṣàdúrà fún èmi Ìyá Láàbù. Mo ṣe àmín. Lẹ́yìn ti Ìlọrin ni mo tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ àbúrò mi tó ṣẹ́kù kà... AS.

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Á pè mí, á ní, "Ìyá mi, ọmọ yín ti ń ta mí nípàá o." Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín... kí ni mo ń rí rẹ́rìn-ín? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà yìí, ọwọ́ mi ló wọ́ ọ.

Tí mo bá dákẹ́, ọmọ náà lè jẹ́ SS, ó sì lè má jẹ́. Ṣé orí "lè má jẹ́" yìí ni kí n sùn lé? Àwọn tó kù nínú ìwé ńkọ́, àwọn tí kì í ṣe ẹbí mi? Tí mo bá pe tèmi nìkan, kí ni mo fi yàtọ̀ sí ọ̀gá mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Lọ́jọ́ Sátidé ni ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ wá kí mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?