Ìròyìn Ikú Lábẹ́ Òkun

Peckham, ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

Mo fi ìgbákọ irin la ètè ẹ̀gbọ́n mi lónìí.

Ní àárọ̀, mo ń wẹ Mista Ken, bàbá tí mò ń tọ́jú ní Forest Hill. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ òkun àkọ́kọ́ tó ń fi agbára núkílíà rìn, tó sì ń gbé àdó olóró kiri. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́, ó sì dákẹ́, nítorí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ yọjú nítorí òkú. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ tí wọ́n sọ fún un, ó fọ́ eyín ọ̀gá náà.

Lọ́sàn-án, Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú sútánà funfun.

"Màmá ti kú. A ti sin wọ́n lóṣù tó kọjá. A ò fẹ́ kó o pa ṣífìtì iṣẹ́ rẹ jẹ ni."

Ìyẹn ni wọ́n fi máa ń sọ pé Màmá ń sùn nígbàkúùgbà tí mo bá pè.

Ẹ̀jẹ̀ ta sí sútánà.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá. Tí mo bá pa yín, ìyàwó yín á gbọ́ lónìí."