Eyín Tó Há sí Ọ̀fun Bàbá Rúkà

Bàbá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan, sà.

Mo ti di dókítà. Ìdánwò àwọn oníṣẹ́ abẹ ló kù níwájú mi, ọ̀nà ọ̀fun ni mo sì ń kà: ibi mẹ́ta tó ti fún jù, àti àwọn họ́mọ́nù tó ń darí oúnjẹ. Mo kà á pé bí inú bá ṣófo, họ́mọ́nù kan á gbéra níbẹ̀, á lọ ké ebi sí ọpọlọ létí. Mo pa ìwé dé. Mo rántí yín nílé wa ní Ilo-Awẹ́là, bí ẹ ṣe kúrò lórí iyán bọ́ sórí ẹ̀kọ mímu, tí ẹ ń ti abọ́ sọ́dọ̀ mi pé ẹ ti yó. Nígbà tí a fi mọ̀ pé nǹkan ń hù lọ́nà ọ̀fun yín, ẹ̀pa ò bóró mọ́; ẹ fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run. Bàbá, ṣé ebi ò pa yín ni?

Lánàá ni wọ́n gbé ọkùnrin kan dé láti Ìgbẹsà, Bàbá Rúkà, mégáàdì ilé iṣẹ́ kan. Ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ni eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bá òkèlè lọ. Kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí kò lè gbé itọ́ mì mọ́ ni ìyàwó rẹ̀ fura. Obìnrin náà di aṣọ mi mú.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn ọmọ pé eyín ló pa bàbá wọn.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa nọ́ọ̀sì kan. Kò pa èmi. Mo ti rí wáyà eyín náà nínú ẹ́síréè. Ibi kejì tó fún ló há sí, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára ti fara kan ọ̀nà ọ̀fun. Bí wáyà yẹn bá gún iṣan náà, ó parí nìyẹn.

Wọ́n kùn ún lóorun ní tíátà. Ọ̀gá wa ki páìpù oníná bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó fi irin gbá eyín náà mú, ó fà á díẹ̀. Kò mì. Ẹ̀jẹ̀ ń sun. Ọ̀gá dẹwọ́.

“Ibo ni wáyà yẹn kọjú sí?” ó bi mí.

“Apá òsì, mà. Ọ̀dọ̀ iṣan.”

“Kí la máa ṣe?”

“Ká tì í sísàlẹ̀ díẹ̀ kó lè já kúrò níbi tó há sí, ká wá yí i.”

“Bọ́ síbí. Ìwọ yí i.”

Mo gba irin náà, Bàbá. Mo tì í wẹ́rẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn. Ó já. Mo yí i títí wáyà fi wọ inú páìpù, mo sì fà á jáde. Wọ́n ti to ọ̀bẹ sílẹ̀ láti la àyà rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó o kúrò.

Ó wá ku bóyá ọ̀fun náà ti lu. Láàárọ̀ yìí, a fún un ní omi tó máa ń hàn nínú ẹ́síréè. Èmi ń wo ẹ̀rọ, ìyàwó rẹ̀ ń wo ojú mi. Omi náà sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Kò jò.

Obìnrin náà sunkún tán, ló bá kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ ò wá lè lanu kí ẹ sọ fún mi?”

Bàbá Rúkà dorí kodò. “Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ẹ́ ni.”

Mo jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, omi ń bọ́ lójú mi. Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà rò nìyẹn, sà? Ẹ̀rù ti ń bà wá tipẹ́ nígbà yẹn, èmi àti Màámi. A kàn ń dúró kí ẹ sọ ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.