Orest, Orúkọ Rẹ Ló Wà Lára Gbọ̀ngàn Yìnyín Báyìí

Orest, àbúrò mi, ọdún mẹ́fà rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́fà, a ò sì tíì gbé àga rẹ kúrò nídìí tábìlì nílé Verna ìyàwó rẹ.

Larissa ọmọ rẹ ló ń dá oko àlìkámà báyìí. Ó ta àwọn màlúù, ó ra ẹ̀rọ ìkórè tuntun, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Òrùlé gáréèjì tí o ṣe dé ìdajì, èmi àti Larissa la kàn án parí. Ó wọ́ díẹ̀. Ká ní o rí i ni, wàá rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará ìlú wa, Hafton, ṣì ń jiyàn lórí wa. Láràárọ̀ nílé kọfí, ẹjọ́ kan náà ni: nínú àwa ọmọ Prokopchuk méjèèjì tó gbá ipò iwájú nínú họ́kì orí yìnyín, èmi Melvin àti ìwọ, ta ló tóbi jù? Sáà mọ́kàndínlógún ni mo gbá, mo sì gbá góòlù irinwó ó lé méjìlá wọlé. Sáà mẹ́ta péré ni ìwọ gbá kí orúnkún rẹ tó bàjẹ́, pẹ̀lú góòlù mọ́kànléláàádóje.

Walter Dzuba, tó ń tún ẹ̀rọ oko ṣe, kì í yẹsẹ̀. "Ẹni tó bá pẹ́ lórí yìnyín ló tóbi jù. Orest mọ̀ ọ́n gbá, mi ò jiyàn. Àmọ́ kí ni sáà mẹ́ta?"

Petrusia, tó ń se oúnjẹ níbẹ̀, ló máa ń dá a lóhùn. "Walter, ṣé ìwọ tiẹ̀ fojú rí Orest, àbí rédíò lo ti gbọ́ ọ? Melvin ń wá góòlù kiri. Góòlù ló ń wá Orest."

Èmi á máa mu kọfí mi.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n tún gbọ̀ngàn yìnyín kọ́ tán, ìgbìmọ̀ ìlú sì pe ìpàdé láti fún un lórúkọ. Alága ní kí àwọn tó fẹ́ orúkọ Melvin nawọ́. Ọwọ́ pọ̀. Mo bá dìde.

Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí títí o fi kú. Nínú eré ọjọ́ tí orúnkún rẹ bàjẹ́, rọ́bà dúdú tí à ń gbá wà lẹ́nu ọ̀pá mi. Mo rí ọkùnrin gìrìwò kan nínú ẹgbẹ́ kejì tó ń sáré bọ̀ wá kọlù mí. Èmi ló ń bọ̀ wá bá, Orest. Mo ta rọ́bà náà sí ẹ kó lè fi mí sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ ni mo ta á sí. O yíjú láti mú un, o ò sì rí ọkùnrin náà títí tó fi kọlu orúnkún rẹ.

"Orúnkún tó yẹ kó bàjẹ́, tèmi ni," mo ní. "Sáà mọ́kàndínlógún tí ẹ ń kà yẹn, ara ẹsẹ̀ Orest ni mo ti rí i."

Verna ló dá mi lóhùn, lórí ìjókòó níbẹ̀.

"Ó mọ̀, Bọ̀ọ̀dá Melvin. Ọjọ́ kẹta tó dé ọsíbítù ló sọ fún mi. Ó ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun mọ̀, torí pé ẹ ò ní lè gbá eré mọ́."

Mo jókòó. O mọ̀, o sì ń pè mí lórí fóònù lẹ́yìn eré, sáà lórí sáà: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa tẹ orúnkún yín. Ẹ ti ń nà gbọnrangandan bí òpó iná."

Wọ́n tún nawọ́. Orúkọ rẹ ló wọlé. Walter nìkan ni kò nawọ́ sí i; ó ní sáà mẹ́ta ṣì ni sáà mẹ́ta. Àmọ́ òun náà ló dì mí lápá mú dé ìdí ọkọ̀, torí ilẹ̀ ń yọ̀.

Àwọn ògbóǹtarìgì tí mo bá gbá pọ̀, àwọn mìíràn sì pẹ́ jù mí lọ. Kò sí èyí tó tó ẹ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè dé etí rẹ.

Àárò rẹ ń sọ Verna àti Larissa. Ó ń sọ èmi náà. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo bá ti gba rọ́bà, apá òsì ni mo kọ́kọ́ ń wò, níbi tí o máa ń wà. Mo ṣì ń wò ó.