Dráyà Náà Ti Dákẹ́, Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ìròyìn kan wà lẹ́nu mi tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sí yín. Mo ti tún dráyà ṣe.

Ẹ rántí rẹ̀, àbí? Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, tí òṣìṣẹ́ epo kan fi ta yín lọ́rẹ nígbà tó ń kó lọ. Ẹ fi ọkọ̀ gbé e wá láti Molutehin, ẹ jókòó tì í bí ẹni tó ń mú ìyàwó bọ̀ wálé, gbogbo èrò odò ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, aṣọ kì í gbẹ, afẹ́fẹ́ òkun á sì tún fi iyọ̀ sí i lára. Dráyà yìí ni mo fi ń jẹun dòní. Aṣọ àwọn tíṣà ni mo ń fọ̀, àti aṣọ funfun àwọn ará ìjọ, tí mo máa ń lọ kó ní ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀.

Kò pẹ́ tí a sin yín tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó kọ́kọ́ ń kùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó di gbàgàgbàgà, pátákó ilẹ̀ á máa gbọ̀n, abọ́ á máa jó lórí tábìlì. Bí jẹnẹrétọ̀ ìlú bá ti mú iná wá lọ́sàn-án, èmi àti ariwo yẹn la jọ ń gbé títí wọ́n á fi pa iná. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò kánjú àtitún un ṣe. Ó sàn ju ilé tó dákẹ́ lọ.

Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò wá mọ́, Bàbá. Nígbà ìsìnkú, ọkọ̀ ò ráyè so níwájú ilé wa. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan kó yà sílé wa. Àní Ìyá Dúpẹ́ tó ń ta ẹja yíyan, tí òun àti Màmá jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ kí Màmá tó kú, mi ò rí i. Inú bí mi. Mo ní òkú ló níyì lójú wọn, kì í ṣe ọmọ tó kù. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́ pé bí oṣù yìí bá parí, màá ti ilé yìí pa, màá wá bá a. Ṣé ẹ máa bínú? Ta ni yóò máa wo ibojì yín?

Lánàá, dráyà fa ilà dúdú sára aṣọ funfun ìyá ìjọ kan. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré. Mo kó gbogbo aṣọ jáde, mo tan án lófìfo. Ariwo ò lọ, nítorí náà kì í ṣe bọ́tìnì aṣọ ló ń dún. Mo ki pátákó bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Kò gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí àjẹ̀ tí ẹ fi ń wa ọkọ̀. Ẹ ó tì í bọ omi, ẹ ó fi etí lé ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó máa fetí sí ẹja tó ń kùn nísàlẹ̀ kí ẹ tó da àwọ̀n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ jẹ́ kí n fi etí mi náà lé e. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo kàn mi orí ni.

Mo gbé àjẹ̀ náà kan ara dráyà, mo fi etí lé e. Níwájú, afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, lápá òsì, ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí.

Mo yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn táyà kéékèèké ló gbé agolo ńlá tí aṣọ ń yí nínú rẹ̀ dúró. Iyọ̀ ti jẹ ọ̀kan, kò yí mọ́, rọ́bà ara rẹ̀ sì ti họ tán. Mo fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà kúrò, mo gé òrùka kan lára páìpù rọ́bà ẹ́ńjìnnì yín àtijọ́, mo fi wọ̀ ọ́, mo fi gírísì sí i. Ẹ má bínú nítorí páìpù náà. Nígbà tí mo tan án, ó kàn ń mí jẹ́jẹ́ ni.

Ilé wá dákẹ́ lóòótọ́. Mo jókòó sórí àga yín, mo sunkún.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn láti ojú omi.

“Àgò onílé o!”

Mo dúró kí ẹ dáhùn. Ó tún pè, mo tún dúró. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń yí padà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í gun afárá ilé ọ̀fọ̀ bí onílé ò bá dáhùn. Mo sáré jáde.

“Àgò yà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ!”

Ìyá Dúpẹ́ ni. Ó wò mí títí.

“O ti wá fẹ́ rí èèyàn báyìí? Gbogbo ọ̀sán tí a bá ń ti odò bọ̀ la máa ń yà, a ó pè ọ́ títí. Nígbà tí o ò dáhùn, a ní kí a jẹ́ kí o sunkún bàbá rẹ tẹ́rùn.”

Àṣé ariwo dráyà ló ti ń bo ohùn wọn. Mo kàn bá a so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó.

Ó ti lọ báyìí. Mi ò tí ì mọ ohun tí màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, àárò yín sì ń sọ mí gan-an. Ṣùgbọ́n Bàbá, gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pe onílé yẹn, èmi ni wọ́n ń pè. Kódà nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin ni mo ṣì ń dúró dè.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà nílé.