Àwọn Lẹ́tà Molefi Tí Kò Délé

                                        Ojúlé 27, Derby Road,
                                        Bertrams,
                                        Johannesburg.
                                        18 Oṣù Kẹfà, 1994.

Ìyá Láyọ̀, ọ̀rẹ́ àtọjọ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Láyọ̀ ńkọ́? Ṣé apá Láyọ̀ tó kán ti jinná? Gbogbo ará ilé ìwé wa ní Iléṣà ńkọ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Òtútù nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn. Inú oṣù kẹfà yìí gan-an ló máa ń mú jù níbí. Olúdáre ọkọ mi ń wọ súẹ́tà méjì lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Ó ń ṣe mí bíi kí àwa méjèèjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé, kí a kàn máa sọ̀rọ̀.

Mo ti sọ fún ọ pé mò ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí ìtàn ní yunifásítì. Àwọn ọkùnrin tó ti Lesotho wá wa wúrà ní Roodepoort ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni mò ń kọ nípa wọn. Olùkọ́ mi kò fẹ́ kí n kó ohun tí ẹlòmíì ti kọ jọ. Ó ní àkọsílẹ̀ ìgbà náà gan-an ni kí n wá lọ. Nínú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan, mo rí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Molefi. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kò ní ẹbí. Mo gbà á gbọ́. Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá lórí bí ìlú ńlá ṣe ń mú ọkùnrin gbàgbé ilé, Molefi ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́ mi ni mo lọ wo àwọn ìwé àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Roodepoort. Nínú páálí kan ni mo ti bá lẹ́tà mẹ́fà tí Molefi kọ sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ti kó kúrò níbi tó ń gbé, ni ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí Molefi fi ṣe àdírẹ́sì. Ọmọ kíláàsì mi kan tó gbọ́ èdè wọn ló túmọ̀ wọn fún mi. Kò sí èyí tí Molefi ò ti béèrè ọmọbìnrin rẹ̀, Puseletso: ṣé ó ti ń rìn, ta ló jọ. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ó ní ikọ́ kò jẹ́ kí òun sùn mọ́. Ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí i pé kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ojú tì mí. Olùkọ́ mi ní kí n kó iṣẹ́ náà fún òun bó ṣe wà, kí n fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Mo ní mi ò lè ṣe é. Mo fa ojú ìwé mọ́kànlá náà ya.

Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà bá mi wá Puseletso kàn. Wọ́n ti di ìyá àgbà, ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà tí wọ́n lọ́kọ sí ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn fúnra wọn ló ka àwọn lẹ́tà náà sókè. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n tò wọ́n jọ sórí itan. Wọ́n wá fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé, "Láti kékeré ni wọ́n ti ní bàbá mi gbàgbé wa. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni mo bí, mi ò fún ìkankan ní orúkọ rẹ̀."

Pásítọ̀ ní kí wọ́n máa mú lẹ́tà wọn lọ. Ẹ̀dà ni mo mú fún iṣẹ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń wé wọn sínú ìborùn, wọ́n bi mí bóyá ìyá mi wà láàyè. Mo ní wọ́n wà, ní Iléṣà.

"Ìgbà wo lo kọ̀wé sí i gbẹ̀yìn?"

Ó ti lé ní ọdún kan. Mo máa ń sọ pé Màmá ò mọ̀wé kà, pé tẹlifóònù kò dé ọ̀dọ̀ wọn, pé iṣẹ́ pọ̀. Nínú takisí láti Roodepoort títí dé Joubert Park, ohùn Màmá ni mò ń gbọ́, bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n á fà á gùn.

Mo ti tún iṣẹ́ náà kọ, mo sì ti kó o fún olùkọ́ mi. Ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì yọ máàkì nínú rẹ̀, àmọ́ kò dùn mí. Bá mi kí Bàbá Láyọ̀ àti gbogbo àwọn tíṣà. Olúdáre náà ní kí n kí yín.

Lẹ́tà kejì tó wà nínú àpòòwé yìí, ti Màmá ni. Jọ̀wọ́, má fi rán ẹnikẹ́ni. Lọ fúnra rẹ, kí o kà á fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o tún un kà, tún un kà. Máa wo ojú wọn, kí o sì kọ bó ṣe rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sílé,
Bùkúnọlá