Jìtá Bàbá Kọ́ Ló Bàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárò ilé. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Màmá le, a sì ti kan òrùlé tó ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí jìtá béèsì olówó pọ́ọ́kú tí Bàbá rà. Wọ́n kọ́kọ́ ní okùn rẹ̀ ga jù, ó ṣòro láti tẹ̀, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ní okùn náà nípọn jù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n wá fá ọrùn jìtá títí ó fi rí bí ọrùn àkùkọ tó ń ṣàìsàn. Mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àfi lánàá tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ òsì wọn. Wọ́n ní, "Ife yìí náà ò dáa, a máa pààrọ̀ ẹ̀."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọwọ́ òsì yẹn ni wọ́n fi ń tẹ okùn.

Mo ti bá dókítà ṣètò, Bàbá kọ̀, wọ́n tún fi ìnagijẹ tí wọ́n sọ mí pè mí: "Máníjà, ilé yìí kì í ṣe ọ́fíìsì o!" Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí, kì í ṣe lọ́la. Okùn wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ò sí níbẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ tó tọ́ wa dákẹ́.

Èmi àbúrò yín,
Máníjà