Orúkọ Tó Wà Létí Mẹ́dàlì Baba Wa

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kejìlá 1986

Gómìnà ti Èkó dé. (Suleiman ẹ̀gbọ́n mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Gómìnà — àṣẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.) Ó ní kí n já àwọn mẹ́dàlì Baba lára ògiri, kí n fi Bráásò nù wọ́n, kí n gbé wọn lọ fún onífọ́tò kó fi gíláàsì bò wọ́n. Ó fẹ́ gbé wọn kọ́ pálọ̀ rẹ̀ l'Ékòó. Baba ò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀.

Mẹ́dàlì márùn-ún, pẹ̀lú báàjì aláǹtakùn dúdú tí wọ́n máa ń rán mọ́ apá aṣọ sójà. Láti kékeré la ti mọ̀ wọ́n. Baba Badmus tó ja ogun Híítílà ní Bọ́mà — gbogbo Ìkàrẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó rí bí ìràwọ̀ ò ní orúkọ kankan lára. Mo wá nu èyí tó rí roboto, tó jẹ́ fàdákà. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ yọ létí rẹ̀. Mo gbé e bọ́ sínú oòrùn. Nọ́ńbà, lẹ́yìn náà: AMUSA OKA.

Àmúsà Ọ̀kà. Ta ni Àmúsà?

Àìkú, 28

Gómìnà ní òyìnbó ló ṣì í kọ. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa ṣi Badmus Ìkàrẹ́ kọ tó fi máa di Àmúsà Ọ̀kà? Ó ní kí n panu mọ́, kí n lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Mo bi Ìyá wa. Ó ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè. "Gbé e kọ́ ògiri padà, Safurat." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 29

Mo rán apá ọ̀tún bùbá mọ́ ti òsì. Mo tú u. Mo tún un rán bákan náà.

Ọjọ́rú, 31

Mo lọ sí Ọ̀kà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú ìyá mi ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibì kankan níbẹ̀ ju gáréèjì lọ. Ìyá wa máa ń sọ pé inú bí àwọn ará ilé òun nígbà tóun fẹ́ ará Ìkàrẹ́, òun náà sì ti gbàgbé wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo béèrè Àmúsà tó ṣe sójà lọ́wọ́ rẹ̀ nawọ́ sókè òkè: "Baba Sójà! Ta ni ò mọ Baba Sójà?"

Ó wà láyé! Mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tín-ín-rín, ó mọ́ tónítóní. Àsàmáù ọmọ rẹ̀ gbé omi fún mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo mú mẹ́dàlì jáde — mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí Àsàmáù fi ka orúkọ tó wà létí rẹ̀, ó lọgun: "Mẹ́dàlì Baba tí wọ́n jí nìyí!" Ó ní àtikékeré ni Baba ti ń sọ fún àwọn pé ará Ìkàrẹ́ kan jí i nígbà tóun ń bọ̀ láti Bọ́mà. Níbo ni mo ti rí i? Mo ní ti bàbá mi ni.

"Olè ni bàbá rẹ nìyẹn!"

Àwọn aládùúgbò ti pé. Ó fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi. Baba Sójà gbọ́wọ́ sókè. Kò wo mẹ́dàlì rárá, ojú mi ló ń wò. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Limota ńkọ́? Ṣé ó wà?"

Mi ò dárúkọ ìyá mi fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn.

Jímọ̀, 2 Oṣù Kìn-ín-ní 1987

Olè. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Mo ń dáná, mò ń gbọ́ ọ. Mo wà lórí ìrun, mò ń gbọ́ ọ.

Àsàmáù ti ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà, bàbá rẹ̀ ló máa ṣáájú àwọn sójà àtijọ́ níwájú káńsù. Mẹ́dàlì náà gbọ́dọ̀ wà láyà rẹ̀, tàbí kí ọlọ́pàá wá gbé mi. Gómìnà ti padà s'Ékòó. Kò dágbére. Ó ní mo fi ọwọ́ ara mi fa wàhálà wọlé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro nǹkan kan: Baba kì í bá wọn yan lọ́jọ́ yẹn. Lọ́dọọdún, oko ló máa ń lọ.

Ọjọ́rú, 7

Ọyẹ́ la ètè mi. Ìyá wa ò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀, ọbẹ̀ kan náà la jọ ń jẹ.

Àbámẹ́ta, 10

Òkè-Àgbè. Onífọ́tò ló sọ pé òun ti ya baba kan rí níbẹ̀, Rufus, tó ní báàjì aláǹtakùn bíi tiwa. Mo mú fọ́tò Baba dání, èyí tó yà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé.

Baba Rufus fi awò sójú. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àmúsà! Àmúsà Ọ̀kà nìyí o! Níbo ló wà?"

Mo ní ó ti kú. Ó bọ́ awò náà, ó gbé e sórí itan.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ń jáde wúruwùru. Tí o bá ti wọṣẹ́ sójà, wọ́n á béèrè orúkọ, wọ́n á béèrè ìlú, wọ́n á so méjèèjì pọ̀. Òun náà, Rufus Òkè-Àgbè ni wọ́n kọ. Mẹ́dàlì fàdákà — ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Odò kún ní Bọ́mà, àwọn tí ìbọn bà wà ní òdìkejì, Àmúsà ń wẹ̀ lọ, ó ń wẹ̀ bọ̀, ó ń gbé wọn kọjá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá òyìnbó pe orúkọ rẹ̀ kó wá gbà á, ńṣe ló dúró bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Rufus ló fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "A rò pé bọ́ǹbù ti di í létí ni. Ìgbà gbogbo la máa ń pè é tí kì í dáhùn."

Mo sunkún nínú kàbúkàbú títí dé Ìkàrẹ́. Bàbá mi kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n kí ló ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe?

Ọjọ́rú, 14

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ mo gbé mẹ́dàlì síwájú Ìyá wa. Mo sọ ohun tí Baba Rufus sọ. Mo ní tí kò bá sọ tirẹ̀, màá gbé e lọ fún ọlọ́pàá fúnra mi. Ó ní kí n jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Àmúsà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Wọ́n ní kí agbolé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá fún ogun, òun ni wọ́n mú. Ó ń gbọ̀n, kò lè jẹun. Badmus nígbà yẹn ń bá bàbá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ó ti ń wo Limota tipẹ́. Limota ò wo ibi tó wà.

"Èmi ni mo lọ bá a lóko," Ìyá wa wí. "Mo ní tó bá gba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, tó bá padà dé, màá fẹ́ ẹ."

Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

"Mi ò rò pé ó máa dé, Safurat."

Mo béèrè bóyá Baba mọ̀. Ó ní ó mọ̀. Lọ́jọ́ tó dé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. "Limota, mo mọ̀ pé o ò retí mi. Tí o bá ní kí n máa lọ, màá lọ." Ìyá wa ní òun wò ó títí, òun wọlé lọ di ẹrù òun.

Àmúsà ti ṣáájú rẹ̀ dé. Oko Àfin ló sá pa mọ́ sí títí ogun fi parí, ó wá wọlé bíi sójà tó ti Bọ́mà bọ̀, wọ́n pa màlúù fún un. Ó ní kí Limota má tẹ ilé àwọn mọ́ láé. Baba gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tóun tìtorí ẹ̀ lọ ti tẹ òun lọ́wọ́.

Ṣé kí n bínú sí i ni? Ká ní odò yẹn gbé Baba lọ ńkọ́? Mi ò lè kọ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ìyá wa ti wọṣọ kí n tó jí. "Ọ̀kà," ó ní.

Baba Sójà ti wọ káákì. Àsàmáù ń bá a so okùn bàtà. Ìyá wa kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi." Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Ìyá wa ní kí n fún un ní mẹ́dàlì, orúkọ rẹ̀ ló kúkú wà lára rẹ̀. Mo ní rárá. Mi ò sọ rárá fún un lójú èèyàn rí.

"Ó ṣe dáadáa," Baba Sójà wí. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. "Bàbá ọmọ yìí ló lọ sógun. Badmus ló ń jẹ́. Èmi ò lọ. Oko Àfin ni mo wà."

Àsàmáù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Baba ti tún bẹ̀rẹ̀. Ara àgbà." Àwọn yòókù ní òótọ́ ni, ọjọ́ mẹ́ta yìí ọ̀rọ̀ Baba ò já gaara. Ó tún un sọ. Ó fi Kùránì búra. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn: "A ti gbọ́, Baba, a ti gbọ́." Mọ́tò àwọn sójà àtijọ́ fun fèrè níta. Wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n mú un lápá ọ̀tún àti tòsì, wọ́n gbé e sínú mọ́tò.

Ó yíjú sí wa láti ẹ̀yìn mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí kígbe: "Badmus! Badmus ni! Badmus!" Títí dé ìsàlẹ̀ òkè la ń gbọ́ ọ. Àwọn tó tò sẹ́bàá ọ̀nà rò pé igbe ogun ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń bá a gbè é: "Badmus! Badmus!"